Ṣíbí Mẹ́ta Wàrà Ọmú

Oyún oṣù méje péré ni mo fi bí àkọ́bí mi, obìnrin, ní yàrá ìyá ọkọ mi ní Ìfàngní, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa. Oko gbágùúdá ni ìrọbí ti mú mi. Ọmọ náà kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ mi méjèèjì gbà á tán. Kò ké bí ọmọ tuntun ṣe ń ké, ó kàn ń kùn bí ọmọ ológbò.

Mo fún un lọ́mú, kò lè fà á. Ẹnu rẹ̀ á kan orí ọmú, á sì sùn lọ. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi tó jáde ki, ó sì pọ́n rúsúrúsú.

"Fún un dànù, ìyàwó mi," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ìdọ̀tí ni. Èmi ò fún ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ mi mu rí."

Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di Ìgóló létí ẹnubodè. Ọ̀sán ló gbé agolo wàrà oníyẹ̀fun kan dé láti òdìkejì ẹnubodè, pẹ̀lú àwòrán ọmọ òyìnbó tó sanra lára rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn sí àwòrán yẹn. A pò ó, a fi ṣíbí fún ọmọ, ó sì mu ún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bì í pátá, inú rẹ̀ wú, ó le gbandi. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi. Ẹkún ni mo ń sun. Ọkọ mi jókòó, ó ń wo ọmọ ara agolo náà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Lọ́jọ́ kẹta a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré ìjọba. Obìnrin kan láti ìlú Àjàṣẹ́ ni agbẹ̀bí ibẹ̀.

"Ọmú rẹ ńkọ́?" ló bi mí.

"Wọ́n ní ìdọ̀tí ni, màdáámù."

"Nọ̀n! Rárá o!" Ó fọ ọwọ́ mi, ó gbé ife tí wọ́n ti sè nínú omi gbígbóná sí mi níwájú, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fún ọmú sínú rẹ̀. "Ikùn ọmọ tí kò tó ọjọ́ kò tíì gbó. Ohun tí ara rẹ ṣe fún un ló máa gbà. Ṣíbí mẹ́ta péré. Tó bá sinmi díẹ̀, ṣíbí mẹ́ta míì. Kí ẹ sì máa gbé e sáyà lábẹ́ aṣọ, kí òtútù má mú un."

Ìyá ọkọ mi sún mọ́ ọn. "Èyí tó pọ́n yẹn ńkọ́?"

"Màmá, ìyẹn gan-an ló dára jù."

A padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ọkọ mi ti dá mi dúró. "Ìyàwó mi, èmi ni mo ní kí o dà á nù. Má bínú." N kò gbọ́ kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń se ife, òun ló ń ka ṣíbí. Wàrà agolo tó ṣẹ́kù, ó ń bù ú sínú ẹ̀kọ rẹ̀, ó ní ó dùn. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, á gbé ọmọ sí àyà tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò dé ìyá ọkọ mi mọ́ ọjà, ọkọ mi ló gbé ọmọ sáyà, lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i.

"Kí lo gbé sínú bùbá?" ni wọ́n ń bi í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ni," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà, mo gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú láti fún wàrà sínú ife, ló bá gbá orí ọmú mú, ó fà á, ó dùn mí débi pé mo lọgun. Ìyá ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe é.

"Màmá, ó ń fà á!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà dàgbà, ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ sì le bí òkúta. Ní ti ìyá ọkọ mi, bí wọ́n bá ti bí ọmọ tí kò tó ọjọ́, títí dé ìlú Daagbé, òun ni wọ́n ń wá pè. Èmi ni mo ń bá a ru ife àti ṣíbí rẹ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà.