Ààwẹ̀ Ọmọ Tó Ń Jẹun Lọ́sàn-án

Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ìdajì kíláàsì mi á ti sùn. Wọ́n á gbé orí lé tábìlì, itọ́ á máa kán sórí ìwé, èmi á sì dúró níwájú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mi ò ní mọ ẹni tí mo ń kọ́. Oṣù Ràmàdáànì ni, gbogbo Ìlọrin ti ń múra Ìtùnú Ààwẹ̀. Àwọn tí oorun ò gbé lọ, ọ̀rọ̀ bàtà tuntun tí wọ́n rà fún wọn ní Challenge nígboro ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá bèèrè pé mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́ mélòó, ẹnìkan á dáhùn pé télọ̀ kò tíì rán aṣọ ọdún òun tán.

Ará apá Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ onígbàgbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nígbà náà ni, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Fate, kíláàsì kẹta, ọmọ mọ́kànlélógójì. Yorùbá kan náà la jọ ń sọ, mo sì rò pé mo mọ gbogbo nǹkan. Irọ́ ni! Mi ò mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀, mi ò mọ ẹni tí kò gbà á. Ọmọ kan á ní òun ń gbààwẹ̀, n ó sì bá a nídìí ọ̀rá omi kó tó di ìgbà ìsinmi. Bí mo bá pariwo mọ́ ọn, á wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, á ní, "Tíṣà, ààwẹ̀ ọmọdé ni tèmi. Ó ti tán." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́ wọn lóòótọ́, kí wọ́n gbà á dé ibi tí agbára wọ́n mọ. Ta ló sọ fún mi?

Èmi alára ńkọ́? Ojú ń tì mí láti jẹun níwájú àwọn ọmọ tí ẹnu wọ́n ti gbẹ. Bí mo ṣe ń gbé búrẹ́dì mi bọ̀ láti ilé mi ní Tanke náà ni mo ṣe ń gbé e padà lọ. Mi ò gbààwẹ̀, ebi sì ń pa mí ju ẹni tó ń gbà á lọ.

Ni mo bá ṣòfin. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn wà, kò ní gbálẹ̀, n ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí igun bọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá gbà á, oúnjẹ tirẹ̀ ni kó jẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ, torí ọmọ kan ti jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì bì í sórí ìwé mi. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi lọ́jọ́ náà.

Orúkọ mọ́kànlá ni mo kọ lọ́jọ́ kìíní. Ó di mọ́kàndínlógún lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, ọgbọ̀n ọmọ ti kó ara wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹran ọjà. Àlàájà tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ka orúkọ náà tán, ó ní, "Tíṣà, máléékà ló ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ náà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò pa á rẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà iwájú, ó kéré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń bá a fínra. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí sáà wọlé, ìyá náà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tíṣà, omi, oúnjẹ, oògùn. Ẹ bá mi wò ó kó má fo ọ̀kankan." Lójoojúmọ́ ló ń di kúlà oúnjẹ kan fún un tó pọ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ, ọmọ náà á sì bu ìdajì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, tí kì í sábà gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí mo ṣòfin mi, òun gan-an ni mo dojú kọ. Mo ní, "Ìwọ nìkan ni kí o jẹ oúnjẹ rẹ. O nílò agbára."

Ó ní, "Tíṣà, ìyá àgbà ní—"

Mo ní, "Jókòó."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo dá a padà, mo ní ààwẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mi ò sì wo ohun tó ń ṣe pẹ̀lú kúlà náà ní gbogbo ìgbà ìsinmi. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bí mo ṣe kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Òun ló ṣubú lulẹ̀, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, tó ń kérora. Àlàájà sáré wọlé, "Làíláà! Ọmọ ọlọ́mọ!" Ó ṣí kúlà, ìrẹsì àti wàrà díndín kún un dẹ́nu, ẹnìkan ò fọwọ́ kàn án. Igbe ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bọnu: "Láti Mọ́ńdè ni kò ti jẹun níbí! Ó ní òun náà á gbààwẹ̀ báyìí, torí Tíṣà ò jẹ́ kó ṣe tiẹ̀ mọ́!"

Tiẹ̀ wo? Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé ìwòsàn, tí mo gbé e lé itan, ìbéèrè yẹn nìkan ló wà lórí mi.

Nígbà tí ìyá àgbà dé, mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò mọ fídíyà ni? Ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè gbààwẹ̀, á máa bọ́ aláìní, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Ọmọdé ni tèmi, Ọlọ́run ò tíì bi í léèrè ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sunkún pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ń gbà á. Mo wá sọ fún un pé ìdajì kúlà yẹn, tó bá ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ààwẹ̀ tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá ní kó má fún un mọ́."

Kò gbé ohùn sókè. Ìbá gbá mi, ìbá sàn fún mi. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ sọ, mo ti fi "jókòó" kan ṣoṣo dí i mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sunkún níwájú ìyá àgbà àti nọ́ọ̀sì, ojú ò tì mí.

Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́rin nílé ìwòsàn. Mo pa gbogbo orúkọ rẹ́. Ọjọ́ tó padà wá, ìdàrúdàpọ̀ mìíràn ti wọlé: ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ọdún ni lọ́la tàbí ọ̀tunla, àwọn ọmọ ń bi mí, mo ní kí wọ́n lọ bi òṣùpá. Nígbà ìsinmi, mo sọ ọ́ sókè pé kó pín oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe máa ń pín in. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sóko fún ọdún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbé kúlà náà wá sórí tábìlì mi.

"Tíṣà, ẹ gbà."

Mo ní, "Èmi? Mi ò kí ń ṣe aláìní."

Ó ní, "Ebi ń pa yín. Ojoojúmọ́ lẹ máa ń gbé búrẹ́dì yín padà sílé."

Ogójì ọmọ ló ń wò mí. Mo mú ṣíbí, mo jẹun.

Ó ti pẹ́. Ìyá àgbà ti di ẹni àná, kí Ọlọ́run forí jì í. Ọmọ yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí, kò jìnnà sílé mi ní Tanke. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní Ràmàdáànì, ọdọọdún, ó máa ń fi kúlà oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá ẹni tí kò ní fún, pé mo ń gbowó oṣù. Ẹ̀rín ló ń fi mí rín, ó ní àwọn aláìní òun wà fún ọjọ́ yòókù, ọjọ́ kìíní, ti Tíṣà ni. Mo ti gbà. Àmọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò lè ṣiṣẹ́ gidi kan, etí mi á wà lẹ́nu géètì. Ìgbà tí wọ́n bá kànkùn, tí mo gba kúlà náà tó gbóná lọ́wọ́ mi, ni mo tó ń mọ̀ pé ọmọ náà tún rí ọdún mìíràn. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán, mi ò kí ń ṣẹ́ nǹkan kan kù.