Ọ̀pá Tàbí Sítíárì

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n aránṣọ tí à ń wí yìí lo oògùn náà ní àlòjù. Bàbá Afura ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wojú yín bóyá ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń lo ìgbòkun ni ó fi ṣe ayọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ìgbòkun náà. Ọ̀pá gbọọrọ kan ni ó fi ń darí rẹ̀, èyí tí wọ́n so mọ́ ìtọ́kọ̀ tó wà nínú omi lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní bí òun bá ti di ọ̀pá náà mú, òun á mọ ohun tí omi ń rò, bí ìgbà tí òun fọwọ́ ra aṣọ kí òun tó gé e.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ lórí omi, ó sì dákú lé ọ̀pá náà. Kápẹ́ńtà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní èbúté ló fà á dé ẹ̀bá omi. Ó bẹ Kápẹ́ńtà kó má sọ fún ìyàwó òun, nítorí bí obìnrin náà bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó dá a lójú pé yóò ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà ni.

Kò pẹ́ sí i, ìyàwó rẹ̀, tí omi ń bà lẹ́rù, tó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù wíwà tọ́ ọmọ, dédé dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ṣe jẹ́ kí Kápẹ́ńtà yọ ọ̀pá yẹn, kó fi sítíárì sí i?"

"Sítíárì kẹ̀? Ọkọ̀ tí kò tó yàrá? Á gba gbogbo ibi tá à ń jókòó. Wáyà tó ń fà á á tún máa já. Kí ló wà lára ọ̀pá tó lè bàjẹ́?"

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

"Ta ló ní kó o sọ ọ́?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ara ọkọ fu. Àwọn tó ń ra ọkọ̀ lóde òní, sítíárì ni wọ́n ń wá. Kápẹ́ńtà ti tú àṣírí, àwọn méjèèjì sì ti ń ṣe ọkọ̀ òun lọ́ṣọ̀ọ́ de olùrà.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti ọjà dé, etí aṣọ rẹ̀ á tutù, ara rẹ̀ á máa rùn fún ọ̀dà, àpò rẹ̀ á sì ṣófo. Ọjà wo ni wọ́n ń ná nínú omi? Inú bí i, inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́, nítorí obìnrin yìí kò purọ́ fún un rí.

Ní ọ̀sán kan, ó yọ́ tẹ̀lé e dé èbúté, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn pákó. Ìyàwó rẹ̀ ló rí nínú ọkọ̀ Kápẹ́ńtà, tó di ọ̀pá mú.

"Ìyá, ẹ tì í sósì kí ọkọ̀ lè yà sọ́tùn-ún," Kápẹ́ńtà ń wí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀tún ló fẹ́ lọ, ọ̀tún náà ló fà á sí. Ọkọ̀ yà sósì, ó sì forí gbá òpó èbúté gbì. Obìnrin náà tún di ọ̀pá mú ṣinṣin.

"Ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí.

Bàbá Afura jáde síta. "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe níbẹ̀?"

Àwọn méjèèjì bọ́ sórí èbúté, Kápẹ́ńtà wolẹ̀. Ìyàwó ló dáhùn.

"Ó sọ fún mi pé ẹ dákú. Ẹ má bá a wí, èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi."

"Kí ló dé tó ò wá ní ká ta ọkọ̀?"

"Tá a bá tà á, kí lẹ máa jókòó ṣe nílé? Ṣé kẹ́ ẹ máa fura sí àga ni? Mo mọ̀ pé ẹ ò ní yéé lọ sórí omi. Mo wá ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ yín, ká lè jọ máa lọ. Ọ̀pá yìí ò gbọ́ tèmi. Sítíárì lọwọ́ mi mọ̀. Bẹ́ ẹ bá tún ṣubú, mo fẹ́ lè gbé yín délé."

Ojú ti Bàbá Afura débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀.

"Kápẹ́ńtà," ó wí níkẹyìn, "yọ ọ̀pá inú ọkọ̀ mi. Fi sítíárì sí i."

Kápẹ́ńtà fa téèpù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn Bàbá Afura láti ẹsẹ̀ dé àyà, kó lè mọ bí sítíárì náà yóò ṣe ga tó. Aránṣọ gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n.