Akọ àti Abo Páìkì Inú Adágún Wa

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ ní adágún ẹja kan lẹ́yìn Dagenham nílùú òyìnbó níbí, ọ̀gá mi, Kẹ́n, kò fi ẹja kankan hàn mí. Ike omi oògùn apakòkòrò ló fi hàn mí. Ó ní gbogbo àwọ̀n tó bá ti ibòmíràn wá, inú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ rì í sí. Ó ní, "Ohun tó bá wọ inú adágún yìí, kì í jáde mọ́." Mo rò pé àsọdùn ni.

Tíráòtù là ń sìn níbẹ̀, ẹja olómi tútù tó ní àmì tó-tò-tó lára. Àwọn apẹja á wá, wọn á fi ìwọ̀ mú un. Kẹ́n ti ń tọ́jú omi náà kí n tó mọ ọ̀nà ìlú yìí. Ó kọ́ mi bí a ti ń gé koríko etí omi, bí a ti ń wo àwọ̀ omi kí a tó fún ẹja lóúnjẹ. Nígbà tó yá, ó fa kọ́kọ́rọ́ géètì lé mi lọ́wọ́.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló kó bá mi. Alàgbà Fọlárìn, bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Barking, ló gbà mí sílé ní àdúgbò Gascoigne nígbà tí mi ò tíì mọ ẹnì kankan. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wá ọmọ. Aríran ìjọ wá ríran sí wọn pé kí wọ́n tú ẹja méjì, akọ àti abo, sínú omi tí kì í ṣàn, kí ayọ̀ má bàa ṣàn lọ. Bàbá gbé korobá wá bá mi láàárọ̀ Sátidé kan. Mo ṣí i: páìkì méjì ni, ẹja ẹlẹ́nu gígùn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, eyín kún ẹnu rẹ̀ bí ayùn. Apẹja kan ló bá a mú wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹja yìí a máa jẹ ẹja o."

Wọ́n ní, "Ẹja wo ni kì í jẹ ẹja? Ìwọ gan-an ńkọ́, kí lo jẹ lánàá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gba ni sílé, ṣé a óò wá ti géètì mọ́ ọn ni? Mo yà fún wọn. Bàbá gbàdúrà, wọ́n da ẹja sómi. Ẹja rá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. A ń rí tíráòtù tí ojú eyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ́n ní ẹyẹ ni. Ó ra ọmọ ẹja sí i, a jọ dà wọ́n sómi, bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún olè. Ọjọ́ tó wá rí àwọn ọmọ páìkì wẹ́wẹ́ láàárín koríko, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Mo bá jẹ́wọ́.

Kò bú mi. Ó kàn béèrè ìgbà tí wọ́n wọlé. Mo sọ ọ́.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn ni," ó ní, "à bá ti fi àwọ̀n kó méjèèjì kí wọ́n tó yé."

Wọ́n ti adágún náà pa. Kẹ́n fẹ̀yìn tì láìní omi kankan tí yóò máa wò. Ọmọbìnrin Alàgbà kò sì tíì bímọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n béèrè bóyá ẹja àwọn ṣì wà láàyè.

Mo ní, "Wọ́n wà, sà."

Ẹnu mi kò lè sọ fún wọn pé àwọn ẹja náà ti bímọ.