Fìlà Adelino

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Adelino Fortes, kó ha ọ̀dà lára fèrèsé àtijọ́ láìkọ́kọ́ wọ́n omi sí i. Èmi Djédjé bá a ṣiṣẹ́ ọ̀dà ní Pawtucket nílẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín títí irun wa fi ń funfun, mo sì ti rí i tó lé géńdé ọkùnrin sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ nítorí omi lásán. Ilé alájà mẹ́ta ló pọ̀ ládùúgbò wa, wọ́n sì dàgbà ju àwọn bàbá wa lọ. Òjé wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n láyé ọjọ́un. Téèyàn bá ha á ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á bà sílẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ pa á, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, òjé á sì wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣòfin fún àwa tá à ń tún ilé ṣe: ká tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ká fi dí ẹnu ọ̀nà, ká rin ọ̀dà kó tó di pé a ha á, ká fi ẹ̀rọ fa eruku, ká sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀ ká tó lọlé.

Ìbẹ̀rù ìtanràn ló ń jẹ́ kí ẹlòmíì pa òfin yẹn mọ́. Ti Adelino kọjá bẹ́ẹ̀, ó gbà á gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn. Bíṣọ́ọ̀bù Ọlọ́rá là ń pè é. Ó lè tẹ́ ọ̀rá láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, táwa bá sì ń kùn pé ebi ń pa wá, á ní ká bù lára ọ̀rá jẹ.

Aṣọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ náà fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó sì ní ìborí. Ìborí yẹn ló burú. Bó o bá gbójú sókè lórí àkàsọ̀, á yọ̀ wálẹ̀, á bò ọ́ lójú, o ò sì ní mọ ibi tó o máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Adelino wá ọgbọ́n dá sí i. Á fa ìborí bo orí tán, á wá dé fìlà rẹ̀ lé e kó lè dì í mú. Fìlà olówùú àgùntàn ni. Bia ìyàwó rẹ̀ ló rà á fún un kó tó ṣàìsí, kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni fọ̀ ọ́, ó ní omi á sún un kì. Tá a bá ṣíwọ́, á ṣí fìlà, á gbọ̀n ọ́n mọ́ orúnkún, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sínú àpò ìdọ̀tí, á fọwọ́, á bọ́jú dáadáa, á wá dé fìlà rẹ̀ padà, ó dilé. Gbogbo wa là ń rí i. Kò sẹ́ni tó jọ lójú.

Nílé, Nídia ọmọọmọ rẹ̀ ló ń dúró dè é. Ivone ọmọbìnrin rẹ̀ ló bí i, ọ̀dọ̀ Adelino sì ni tìyátọmọ ń gbé. Bí ọmọ náà bá ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sáré, á nawọ́ sókè. Bàbá àgbà á gbé e, á ṣí fìlà, á dé e sí i lórí. Fìlà á bò ó dé imú, á máa ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́ káàkiri ilé, á máa jẹ etí fìlà lẹ́nu, títí Ivone á fi bu káchupa, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, sáwo. “Fìlà” lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ivone ní òun tóun lóyún, òun tóun rọbí, fìlà lọmọ kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò wá pọ̀ sí i. Ọmọ ń lọ bí ọdún méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu rẹ̀. A ní ọmọ ń pẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, dókítà ní òjé ti pọ̀ níbẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ivone kì í ṣe aláriwo. Ó kàn sọ fún bàbá rẹ̀ pé bí òjé yẹn bá fi lè jẹ́ inú ilé yìí ló ti wá, òun máa gbé ọmọ òun lọ sí Brockton, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé bàbá ọmọ.

Adelino fárí gá. Nínú ilé òun? Ilé tó jẹ́ òun fúnra òun lòun pààrọ̀ gbogbo fèrèsé ẹ̀? Ó lọ bá aládùúgbò fa wàhálà lórí ọgbà rẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí. Ó sì ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ tí obìnrin ayẹléwò tí ìjọba rán máa wá, pé kí n wá jẹ́ ẹlẹ́rìí òun.

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ tó fi ń wá òjé lé ara ògiri, lé ara ilẹ̀kùn, ó tẹrí bọ abẹ́ ìjókòó fèrèsé. Ó mọ́. Adelino ń tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń júwe ibi tí kò tíì wò. Obìnrin náà ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Nídia wọlé tòun ti fìlà lórí, tó ń jẹ etí ẹ̀.

Ó wo ọmọ náà títí. “Bàbá, ṣé fìlà tẹ́ ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn?”

Adelino ní, “Òun ni. Mo máa ń dé e lé ìborí ni, kó má baà...”

Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà. Obìnrin náà fi òwú rẹ̀, èyí tó ń pọ́n bó bá kan òjé, nu etí fìlà, òwú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ivone ṣí fìlà lórí ọmọ, ọmọ figbe ta. Ivone ò pariwo mọ́ bàbá rẹ̀, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Bàbá mi, gbogbo ọmọ ìlú yìí lẹ gbà lọ́wọ́ òjé.” Ó gbé ọmọ, ó wọ yàrá lọ di ẹrù.

Adelino fúnra rẹ̀ ló ki fìlà Bia sínú àpò ìdọ̀tí. Ó lọ́ ọrùn àpò náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó lẹ̀ ẹ́ pinpin, bí òfin ṣe wí.

Dókítà ní èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù. Èyí tó ti bà jẹ́ lọ́pọlọ, kò sẹ́ni tó lè sọ. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ń tu Adelino nínú, ó ní ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo fi ọkọ̀ mi gbé Adelino lọ sí Brockton, torí ó ti kọ̀ láti fi tiẹ̀ tí eruku iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ lọ. Ó ti wẹ̀, ó tún wẹ̀, aṣọ tuntun ló wọ̀, orí rẹ̀ wà lófìfo nínú òtútù. Ivone ṣílẹ̀kùn. Nídia sáré jáde, ó nawọ́ sókè, ó wá ń wo orí bàbá àgbà.

Ó ní, “Fìlà?”

Adelino fọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ọmọ náà nawọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.