Fìsà Àlọ-Àbọ̀ Àbúrò Mi

Èmi ni mo ní kí àbúrò mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí àwọn ará ilé ṣì ń bú Lárúbáwá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin ẹ̀sìn ló ń kọ́ ní yunifásítì kan ní Mẹ́kà, ó ku sáà kan péré kó parí. Èmi ń bá wọn kó ẹrù jáde ní èbúté Jẹ́dà. Nígbà tí bàbá wa kú, ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n lọ, àbúrò mi nìkan ló lọ sílé. Ilé ẹ̀kọ́ bá a gba fìsà àlọ-àbọ̀ oṣù kan. Bí oṣù náà bá pé tí kò tíì wọlé, ìkámà rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, dòfo, àyè rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ sì lọ.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó pè mí pé òun ti ń di ẹrù.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ni yóò wá ṣe àdúrà ogójì ọjọ́? Ṣebí ìwọ ni bàbá rán lọ kéwú!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ogójì ọjọ́ ò sí nínú ìwé tí à ń kà. Fìsà ò sì ní dúró dè mí, wọ̀láhì."

"O ti wá gbọ́n ju bàbá lọ, àbí? Dúró. Màá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yín."

Ó ní, "Ó dáa, sà." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Ó ku ọ̀la kí fìsà tán kí ọ̀gá mi tó fún mi láyè. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ bẹ̀ ní Mẹ́kà pé kó bá wa fi ọjọ́ kún fìsà ò dàgbà tó àbúrò mi. Ó ní ìwé dókítà nìkan ni ẹ̀rọ àwọn mọ̀, kò mọ ogójì ọjọ́. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nílé, ọ̀ràn wo ni àgbàlagbà yóò dọ̀bálẹ̀ fún tí kò ní rọ̀? Ọmọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

"Àstàgfírúlláà! Ẹ dìde! Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún!"

Gbogbo èrò ń wò mí. Ìtìjú bò mí, àmọ́ mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ títí ó fi pa fèrèsé dé. Fìsà tán lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀, èmi sì lọ kó ìwé rẹ̀ kúrò ní yàrá tó ń gbé ní àdúgbò Rusaifah. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn ti wà lórí ibùsùn rẹ̀.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. N ò mọ̀ pé kì í jẹ́ kéèyàn jẹun ni.

Ó pè mí lánàá. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí lẹ ní kí n ṣe báyìí?"