Àdán Tí A Pa Nígbà Tí Ogun Ká Wa Mọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ogun ká wa mọ́ inú ìlú Ìjàyè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbọ́ nípa ogun náà lẹ́nu àwọn tó jà á, wọ́n sì ti ròyìn ìbọn àti àwọn akọni fún yín. Èmi kò mọ akọni kankan. Ebi ni mo mọ̀, mo sì mọ odi ìlú. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nísinsìnyí ni ìdí tí a kì í fi í se ẹyẹ nínú ilé yìí, tí a kì í sì í se àdán pẹ̀lú. Ìyá yín ni ìbá sọ ọ́ fún yín. Kò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, kò sì sí mọ́ tí à bá fi bi í.

Oko wa wà lẹ́yìn odi, kò jìnnà rárá. Iṣu wà nínú ebè, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, ìbẹ́pẹ ń pọ́n lórí igi, kò sì sí ẹni tó lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ jáde, bí ìbọn kò bá bà á, wọ́n á mú un lẹ́rú. Àwọn kan jáde nítorí iṣu kan péré, a kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó. A jẹ irúgbìn tán. A jẹ ewúrẹ́ tán, a wá ń jẹ ewé tí ewúrẹ́ máa ń jẹ. Ó di ìgbà kan tí ènìyàn kò rí alángbá lára ògiri mọ́.

Igi àràbà ńlá kan wà lẹ́yìn agbo ilé wa, àwọn àdán sì so rọ̀ lórí rẹ̀ bí àkísà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ré kọjá odi, wọ́n á gba orí àgọ́ àwọn ọ̀tá lọ sí oko. Oko wa ni wọ́n ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á padà dé pẹ̀lú ikùn kíkún, àwa ọmọdé á sì sáré lọ sí ìdí igi lọ ṣa háríhá ìbẹ́pẹ àti ti ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ti fà lómi tu dànù. Mo jẹ ẹ́. Ẹni tí wọn kò bá há mọ́ inú ìlú rí lè fi mí rẹ́rìn-ín.

A kò tètè ronú àtijẹ àwọn àdán fúnra wọn. Igi náà ga, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Àbúrò bàbá mi, tí ọta ìbọn ti sọ di arọ, ló jókòó sí ìdí igi pẹ̀lú kànnàkànnà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, òórùn ẹran tún padà sí agbo ilé wa.

Ìdílé kan ṣoṣo ni kò lè jẹ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó sá wọlé láti abúlé oko nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sá bọ̀, wọ́n sì bá ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń mu ọmú lára òkú. Ọmọ ọwọ́ náà kò pẹ́ tó fi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ọwọ́ náà ọkùnrin kú nínú ìlú. Ọmọbìnrin kan ló ṣẹ́ kù, ẹgbẹ́ mi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú débi pé kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Èèwọ̀ ìdílé bàbá náà ni ẹyẹ. Wọ́n ní nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa babańlá wọn nínú igbó, ẹyẹ ló júwe odò fún un. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ adìyẹ, wọn kì í jẹ àdàbà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jẹ ẹtù.

Ìyá bàbá mi, tó dàgbà jù ní agbo ilé, lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ó ní, “Fún ọmọ yìí ní àdán jẹ.”

“Ẹ foríjì mí, Ìyá. A kì í jẹ ẹyẹ.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ẹyẹ ni?”

“Ó ń fò.”

“Eéṣú tí ò ń dín jẹ lọ́dún èṣí, tí ò ń lá ìka, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá bá ọ ni?”

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde ní agbo ilé wa gbẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà ní, “Kòkòrò ni eéṣú, Ìyá.”

“Adìyẹ ńkọ́, tí kò lè fò kọjá orí ọgbà?”

“Ẹyẹ ni adìyẹ.”

“O ò rí ara rẹ? Èyí tó ń fò, o ní kì í ṣe ẹyẹ. Èyí tí kò lè fò, o ní ẹyẹ ni. Kí wá ni ẹyẹ?”

Àbúrò bàbá mi dá sí i láti ibi tó jókòó sí pé bí àdán kò bá jẹ́ ẹyẹ, kí àwọn àgbà sọ ohun tó jẹ́, nítorí òun kò tíì rí eku tó ń fò. Ìyá àgbà ní kó panu mọ́, pé òkúta ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọn kò gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ọmọ méjì ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí n kò bá fún un, ebi á pa á. Bí mo bá fún un, tó bá kú, ọwọ́ mi ni mo fi bọ́ ọ ní èèwọ̀. Níbo ni kí n gbà?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bí odi ti ká gbogbo ìlú mọ́ náà ni èèwọ̀ ká ọkùnrin yìí mọ́, kò sì sí ẹnubodè níbẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí n lọ gbé àdán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wá, kí gbogbo wa fi ojú ara wa wò ó. Mo gbé e wá, mo tẹ́ ẹ síwájú ẹní ọmọ náà. Ìyá àgbà na apá rẹ̀ gbalaja. Kò sí ìyẹ́ níbẹ̀, awọ lásán ni, ìka gígùn sì wà nínú awọ náà bí igi inú agboòrùn. Ó la ẹnu rẹ̀, eyín wà níbẹ̀, kò sí àgógó. Ó fọwọ́ pa ara rẹ̀, irun ni. Ọmọ náà, tí kò ti sọ̀rọ̀ láti àná, gbé orí sókè díẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ó ní etí. Ẹyẹ kì í ní etí báyìí.”

Ìyá àgbà wá yí òkú àdán náà padà. Ọmọ kan wà láyà rẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, ojú rẹ̀ là, ó sì ń mu ọmú. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Ó ti ki èékánná bọ inú irun ìyá rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin.

Bàbá ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, “Bí a ṣe bá ìyá wọn nìyẹn.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èékánná ọmọ àdán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tó tú u tán, ó gbé e lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú ọ̀bẹ.

Òun fúnra rẹ̀ ló sun ẹran náà, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ó ní bí àwọn baba òun bá fẹ́ bínú, kí wọ́n ti orí òun bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìyókù pa mọ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo agbo ilé wá wò ó. Ó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé orí itan, ó sì ń ya ẹran náà fún un díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ àdán náà kú lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Ó sunkún débi pé àwọn kan fẹ́ lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá àgbà ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Láná, kò lágbára ẹkún.”

Ọmọbìnrin náà ni ìyá yín.

Nígbà tí ìlú fọ́, a bá ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ, bàbá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ilé ìwé àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run kan náà ni a jọ lọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kọ́ wa ní àmì tí a fi ń mọ ohun tó wà láàyè: ó ń mí, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń bí irú rẹ̀, bí a bá fọwọ́ kàn án, ó ń mọ̀ ọ́n. Ó wá kọ́ wa bí a ṣe ń pín wọn ní ìran-ìran, ó sì bi wá pé inú ìran wo ni àdán wà. Àwọn tí kì í ṣe ará Ìjàyè, àti àwa ará ibẹ̀ tí ojú ń tì láti sọ pé a jẹ àdán rí, pariwo pé, “Ẹyẹ!” Ìyá yín nìkan ló ní kì í ṣe ẹyẹ, pé ó ń fún ọmọ lọ́mú. Olùkọ́ bi í pé ìwé wo ló ti kà á. Ó ní, “Mo rí i.” Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹni tí n óò fẹ́.

Kò jẹ àdán mọ́ láti ìgbà ogun. Ó ní òun ti jẹ èyí tó tó òun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí n gé ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé, bó ti wù kí àwọn àdán da ìdọ̀tí sí orí aṣọ tí ó sá tó.

Ayé ti yí padà. Odi ti wó, wọ́n ń gbin àgbàdo sórí rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí Ìjàyè lè jí lọ kó sì dé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọ yín ń ka ìran àdán nínú ìwé tó ní àwòrán, ebi kò pa wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo dúpẹ́ fún èyí. Ilẹ̀kùn ilé mi náà ṣí sílẹ̀, ẹ sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé kí n jáde, kí n gba afẹ́fẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí àdán bá gbéra lórí ọ̀pọ̀tọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú ni mo fi ń sìn wọ́n, n kò tíì mọ ibi tí n óò bá jáde.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ìyá yín lọ sin. Mo ti mọ gbogbo àmì tí olùkọ́ kọ́ wa, mo sì ti wò wọ́n lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan tó kù. Síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ tú ìka mi lára aṣọ rẹ̀.