Omi Tó Mí Kanlẹ̀

Òórùn èédú la fi ń jí ní Ogui, nílẹ̀ Ìgbò, nígbà náà. Kì í ṣe òórùn tó burú o. Ó máa ń wọlé pẹ̀lú ìkùukùu àárọ̀, á bá òórùn kẹrosíìnì àti ti ọṣẹ ìfọṣọ nínú ọgbà, gbogbo rẹ̀ á wá di òórùn kan ṣoṣo tí mo fi ń mọ̀ pé ilé mi ni mo wà. Ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, mò ń sẹ́ ògì. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí wa, ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibẹ̀ ni télọ̀ ọmọ ìlú wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Ó ti pọ́n àdá sílẹ̀. Bó bá ti ti ọ̀dọ̀ rẹ padà dé ilé, gbogbo igi kọfí yẹn ló máa gé."

Ọwọ́ mi dúró sínú ògì.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ pé apá Kábà ni mo ti wá. Wọ́n ń gbin kọfí níbẹ̀. Ìyá mi ló gbin tiwa, òun ló ń ro ó, òun ló ń já èso rẹ̀ nígbà tó bá pọ́n, tó ń sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ó kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì ìparí nílé ìwé. Mi ò bá òkú rẹ̀. Àwọn igi yẹn nìkan ni mo máa ń rí bí mo bá lọ sílé tí mo fi ń rò pé ó ṣì wà nítòsí, pé ó kàn lọ pọnmi ni.

Télọ̀ na àpò kékeré kan sí mi. Kọfí ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti gún èèpo rẹ̀ kúrò, kò sì pọ̀. "Bàbá ní ìwọ lo kàwé. Kí o sè é kó dáa, kí òun fi ẹnu ara òun tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, òun á mọ ohun tí òun ń gbìn. Bí kò bá dùn, òun á kọ ebè iṣu síbẹ̀."

"Ṣé bàbá ò tọ́ ọ wò rí ni?"

"Wọ́n sè é bí àgbo lọ́jọ́ kan. Bàbá rẹ tu ú dànù, ó ní kí wọ́n gbé e fún ọ̀tá òun." Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Rò ó wò, ọ̀rẹ́ mi. A bá igi yẹn gbé. Bó bá yọ òdòdó funfun, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀nà odò kan, àwọn ọmọdé á máa já a sínú irun. Àwọn oníṣòwò á wá kó èso rẹ̀ lọ, ó parí. Nínú gbogbo ilé wa, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Èmi gan-an, òórùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa ní ìtọ́jú ilé máa ń ṣe tirẹ̀ ní ọ̀sán. Á na aṣọ funfun sẹ́nu ìkòkò kékeré, á da ìyẹ̀fun kọfí sínú rẹ̀, á da omi díẹ̀ sí i, á dúró, á tún da díẹ̀. Àwa á dúró sí ẹnu ọ̀nà, a óò máa fa òórùn símú. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Omi rẹ̀ ni mi ò kíyè sí.

Omi yẹn ló sì fẹ́ pa mí. Mo yan díẹ̀ nínú kọfí náà nínú páànù títí tó fi dúdú, mo gún un, mo na aṣọ ìsẹ́gì tuntun sẹ́nu kọ́ọ̀pù. Mo wá gbé kẹ́tù karí sítóòfù. O mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré: bí omi ò bá hó yaya, ẹ̀kọ ò ní jinná, á kàn ṣàn bí omi ẹrẹ̀ ni. Nítorí náà, mo jẹ́ kí omi hó títí ọmọrí kẹ́tù fi ń jó. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́ ni mo dà á sórí kọfí. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ló kọ́kọ́ mu ún. Ó fajú ro, ó wò mí.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ibà ń ṣe mí ni?"

Mo tọ́ ọ wò. Ó korò, ó sì ń ta ọ̀nà ọ̀fun bí eérú. Ohun tí bàbá mi tu dànù gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní bóyá gbígbóná rẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo jẹ́ kí omi tutù títí tí mo fi lè ti ìgunpá bọ̀ ọ́, bí mo ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ wò. Kọfí náà ò dúdú, ó kàn pọ́n ni, ó kan díẹ̀, kò ní òórùn kankan. "Èyí," ọkọ mi ní, "omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ ni." Mo wo inú àpò. Kọfí tó kù ò ju ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo jókòó síwájú sítóòfù, mo sì sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò ní orúkọ fún omi tí mò ń wá. Omi tutù, a mọ̀ ọ́n. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tọmọ tuntun ni. Omi tó hó, tẹ̀kọ ni. Àárín híhó àti lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn jìnnà púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi pé èèyàn lè dúró níbẹ̀.

Bí mo ṣe sọ kẹ́tù kalẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ figbe ta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo gbọ̀n ọ́n sókè díẹ̀, mo fa ọ̀já, mo so ó. Bí mo ṣe ń nàró ni mo gbọ́ kẹ́tù. Ariwo inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, lọ sílẹ̀, ó ṣe *hùún*, ó dákẹ́. Bí èèyàn tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó mí kanlẹ̀ ló rí. Ooru ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú jáde pẹ̀lú agbára mọ́, ó kàn ń gòkè jẹ́jẹ́ ni.

Mo da díẹ̀ sórí kọfí. Ọ̀rẹ́ mi, ìyẹ̀fun náà dìde! Ó wú, ó ru fùkẹ̀fùkẹ̀, ó ń là, ó ń pa dé, bí àyà ọmọ tó ń sùn. Mo dúró bí mo ṣe rántí pé òyìnbó yẹn máa ń dúró, mo tún da díẹ̀. Òórùn tó jáde gba yàrá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onílé wa, obìnrin Ìgbò kan tó fẹ́ràn ọmọ mi, yọjú láti kíṣìnnì rẹ̀: "Mama Pikin, wetin you dey cook wey sweet nose so?" Mo tọ́ ọ wò, kò korò, kò sì kan. Omi kan náà, iná kan náà, kọfí kan náà ni. Kí ni mo fi kún un? Kò sí. Mo kàn pọn ọmọ mi ni.

Bàbá dé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lórí fìlà. "Ọ̀kún o," wọ́n fi ìkíni ìlú wa kí wa, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n ní etí ìyá mi ni. Wọn ò dárúkọ kọfí títí wọ́n fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àga wá sí ẹnu kíṣìnnì, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́. Kọfí ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù sínú àpò.

Omi hó. Mo sọ kẹ́tù kalẹ̀, mo gbé ọmọ sẹ́yìn.

"Kí lo ń ṣe?" Bàbá ní. "Omi yẹn á tutù. Dá a padà sórí iná."

Mo kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kó mí kanlẹ̀ ná."

"Omi ló ń mí?"

"Ó ń mí, sà."

"Ilé ìwé tí mo rán ọ lọ, ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ nìyí?" Ọkọ mi wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Mo so ọ̀já. Kẹ́tù dákẹ́. Mo da díẹ̀, kọfí dìde, mo sì rí i tí Bàbá na ọrùn síwájú. Mo da ìyókù bí ẹni tó ń ro omi síni lójú.

Wọ́n gba kọ́ọ̀pù, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n tún mu. Mo ń retí kí wọ́n tu ú. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú kọ́ọ̀pù náà báyìí, bí nǹkan tó lè fò lọ.

"Òdòdó rẹ̀ wà nínú ẹ̀," wọ́n ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Ṣé ìyá rẹ mu èyí rí?"

"Rárá, bàbá."

Wọ́n mu ún tán, wọ́n dojú kọ́ọ̀pù dé, wọ́n tún ṣí i, wọ́n gbóòórùn inú rẹ̀. Wọn ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. "Koríko ti bo ìdí àwọn igi yẹn," wọ́n ní. "Kí òjò tó dé, n ó lọ ro wọ́n."

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé kí wọ́n má baà rí ojú mi. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀sán yẹn, ẹ̀rù rere kan máa ń bà mí. Ohun tí ìyá mi fi ayé rẹ̀ ṣe ti wà nínú àwọn èso yẹn láti ọjọ́ tó ti gbìn wọ́n, odindi, láìbàjẹ́, tó ń dúró de ẹni tó máa fi sùúrù da omi sí i. Ọmọ mi ti jí lẹ́yìn mi, ó ń fa irun mi. Mo tú u sílẹ̀, mo gbé e síwájú, mo wo ojú rẹ̀. Kò tíì mọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún un.

"Ìyá mi gbin nǹkan yìí, kò tọ́ ọ wò rí," mo ní. "Ìwọ, ohun yòówù kí o gbìn, kí o mu nínú rẹ̀."